Ọmọ tí Ń Kọsẹ̀ Nínú Ìwé Kíkà: Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lára àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Ọmọkùnrin kan wà láàrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó ti dé kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní kí ó kàwé, yóò dìde, yóò gbé ìwé náà sókè, yóò sì máa kà á geere. Inú mi a máa dùn sí i. Àfi ní ọjọ́ kan tí mo rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀, tí mo sì rí i pé ojú ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ kọ́ ni ó ń kà. Etí ni ó fi gbọ́ ẹ̀kọ́ náà lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti há a sórí. Mo fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ilé", mo ní kí ó kà á. Ó dákẹ́. Mo tọ́ka sí lẹ́tà kan péré. Ó tún dákẹ́. Ni mo bá kígbe lójú gbogbo wọn pé, "Ṣé olódo ni ọ́ ni? O wá ń tàn mí jẹ láti ọjọ́ yìí!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rọra jókòó. Kò sunkún.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn, kò wá. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀, tí ó ń din àkàrà tà, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, tíṣà. Ẹ má bínú sí ọmọ yín. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni inú ń run ún. Mo ti fún un ní àgbo títí, kò lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀sán, á fò dìde, á lọ gbá bọ́ọ̀lù." Mo mọ irú inú rírun tí ó ń ṣe é. Èmi ni mo fi sí i lára.

Bí mo ti ń padà lọ sílé lọ́jọ́ náà, ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi, òun náà ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí ọmọ bá jókòó síwájú olùkọ́ láti ọdún dé ọdún, tí kò sì mọ ìwé kà, ta ni ó jẹ gbèsè? Ṣé ọmọ ni, tàbí olùkọ́?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo ni. Ní ọdún 2023, àjọ UNICEF kéde pé nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tí kò le. Bí a bá ní olódo ni ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin, ta ni a ń fi ẹ̀sùn kàn? Ṣé kì í ṣe Ẹni tí Ó dá wọn ni? Ọlọ́hun kò dá orí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní òfìfo. Bí oko bá gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irúgbìn kò sì hù, àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́n kò ní máa bú irúgbìn. Yóò yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò.

ÀWỌN ÒǸDÈ OGUN BADR

Ìtàn kan wà tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà wò dé ìdí. Lẹ́yìn ogun Badr, ní ọdún kejì Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 624, àwọn Mùsùlùmí kó àwọn ará Mẹ́kà kan ní òǹdè. Àwọn tí ó lówó fi owó ra ara wọn padà. Àwọn kan kò ní owó, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwé kọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí olúkúlùkù irú àwọn bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní ìlú Mẹ̀dínà ní ìwé, kí èyí jẹ́ owó ìràpadà rẹ̀.

Bí a bá sọ ìtàn yìí níbi wáàsí, ohun tí a sábà máa ń fà yọ ni pé ẹ̀sìn wa fẹ́ràn ìmọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdéhùn náà dáadáa. Kì í ṣe oṣù ni a kà fún òǹdè, kì í sì í ṣe iye wákàtí tí ó bá fi dúró síwájú àwọn ọmọ. Gẹ́gẹ́ bí Ibn Sa'd ti kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà tí àwọn ọmọ náà bá tó mọ ìwé náà dáadáa ni ìràpadà rẹ̀ pé. Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn òǹdè yẹn tí ó lè dìde kí ó sọ pé, "Èmi ti kọ́ wọn, àwọn ni kò gbọ́." Bí kò bá yé ọmọ, olùkọ́ ṣì wà nínú ìdè.

Ẹ̀yin ará mi, ìdáhùn ìbéèrè wa nìyẹn. Olùkọ́ ni ó jẹ gbèsè, kò sì tíì san án tán títí ọmọ yóò fi mọ̀. Ọmọ jẹ ìgbìyànjú, òbí jẹ ìtọ́jú, ìjọba jẹ ìwé àti àga àti owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà láti dúró síwájú ọmọ, tí ó ní, "Èmi yóò kọ́ ọ," ó ti gba àmánà sọ́rùn.

OJÚ TÍ A YÍ PADÀ

Kí ló dé tí ó fi rọrùn fún wa láti pa àmánà yìí tì? Mo wádìí ọkàn ara mi, mo sì rí i. Àwọn ọmọ tí ó já fáfá ni mo fẹ́ràn láti kọ́. Àwọn ni wọ́n máa ń jẹ́ kí n dà bí olùkọ́ gidi. Bí a bá fẹ́ ṣe wòlímọ̀, tàbí tí àwọn àgbà bá wá bẹ kíláàsì wa wò, àwọn ni mo máa ń pè síwájú. Àwọn tí ń kọsẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa ń fi sí, níbi tí ojú àlejò kò ti ní tó wọn.

Ẹ rántí ìdí tí a fi sọ Súrà Àbásà kalẹ̀, súrà ọgọ́rin nínú Àlùkùránì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ń bá àwọn ẹni ńlá Kùráìṣì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó ń retí pé kí wọ́n gba ẹ̀sìn. Afọ́jú kan, Abdullah ibn Umm Maktum, wọlé, ó fẹ́ kí a kọ́ òun. Ojú Ànábì le díẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn ẹni ńlá náà. Ọlọ́hun bá a wí lórí èyí, wọ́n sì ń ké ìbáwí náà lórí ìrun títí di òní. Lẹ́yìn náà, Ànábì a máa pọ́n afọ́jú yìí lé. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà pẹ̀lú Bilal, Ànábì sì máa ń fi ìlú ṣọ́ ọ bí ó bá rìnrìn àjò.

Afọ́jú kò tilẹ̀ rí i pé a fajú ro sí òun. Síbẹ̀, Ọlọ́hun kà á sí. Kí wá ni ká ti wí nípa ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ojú rẹ̀ là, tí ó rí i kedere nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, tí ó sì gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aisha, a gbọ́ pé ẹni tí ó mọ Àlùkùránì kà geere yóò wà pẹ̀lú àwọn màláíkà alápọ̀nlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kà á tí ó ń kọsẹ̀, tí ó sì le fún un, láádá méjì ni tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ọ̀kan jẹ́ ti kíkà, èkejì jẹ́ ti ìnira tí ó fara dà. Mo mọ̀ pé kíkà Àlùkùránì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, kì í ṣe gbogbo ìwé. Síbẹ̀, ó fi hàn wá bí Ọlọ́hun ti ń wo ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo. Níbi tí Ọlọ́hun ti ń ka láádá méjì, àwa ń ka ẹgba mẹ́fà.

"ẸGBA NI WỌ́N FI KỌ́ ÀWA NÁÀ"

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ àwa náà, a sì mọ̀wé." N kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ta ni ń sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tí ẹgba kò lé lọ ni. Àwọn tí ẹgba lé kúrò ní ilé-ìwé àti ilé-kéwú kò sí níbí láti jẹ́rìí. Wọn kò lè ka ìwé ìròyìn wa yìí pàápàá. Bí a bá gbẹ́jọ́ lẹ́nu ẹni tí ó yè nìkan, a kò ní mọ iye àwọn tí ó ṣègbé lójú ọ̀nà.

Ẹ tún wò ó báyìí. Ẹgba lè mú ọmọ tí kò fẹ́ ṣe nǹkan ṣe é. Kò sí ẹgba tí ó lè mú ọmọ ṣe ohun tí kò mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀, bí a nà án títí di alẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹgba àti èébú máa ń kọ́ ọmọ tí kò mọ̀wé ni ọgbọ́n ìfarapamọ́. Yóò há ìwé sórí, yóò wo ẹnu ẹlòmíràn, inú yóò máa run ún ní òwúrọ̀ Sátidé. Anas ibn Malik sin Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, ó sì jẹ́rìí pé kò fìgbà kan pòṣé sí òun. Ta ni nínú wa tí ó ń kọ́ ọmọ ju Ànábì lọ?

ÀÁNÚ NÌKAN KÒ TÓ

Ṣùgbọ́n kí a má ṣi ara wa lọ́nà. Ojú àánú nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní ìwé. Olùkọ́ tí ó jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹrù ti wọ ọmọ lọ́rùn.

Ẹ wo ẹrù tí ọmọ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń rù. Ní òwúrọ̀, wọ́n ń kọ́ ọ ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí kò gbọ́ nílé, tí o-u-g-h inú "cough" kò sì dún bí o-u-g-h inú "though". Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé wàláà dání ní ilé-kéwú, níbi tí a ti ń kàwé láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, tí lẹ́tà ń pa ìrísí dà bí ó bá bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, tí ó sì jẹ́ pé tóótòòtó kan lábẹ́ tàbí méjì lókè ni ìyàtọ̀ láàrin bá àti tá. Yorùbá tí ó ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò jókòó fi kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó ní, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì di ìró tirẹ̀ mú níbi gbogbo.

Kì í ṣe àbá lásán ni èyí. Ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a kọ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn rárá, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láàrin ọdún 1990 sí 1992. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n sì fagi lé e ní ọdún 2025. Ìlànà ìjọba lè lọ kí ó sì bọ̀. Kò sí èyí tí ó dí wa lọ́wọ́ láti fi ábídí bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní mọ́sáláṣí wa.

BÍ A TI BẸ̀RẸ̀

Mo padà lọ sí ilé ọmọ náà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un lójú ìyá rẹ̀ pé, "Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ìyá rẹ̀ ní, "Háà, tíṣà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé!" Ọmọ náà kàn ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wá ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ sọ ohun tí a ṣe, bóyá ó lè wúlò fún ẹ̀yin náà.

Èkínní, mo wádìí ohun tí ó mọ̀, kì í ṣe ohun tí kò mọ̀. Lẹ́tà mẹ́fà ni ó dá mọ̀ dájú. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ìwé kíláàsì kẹrin wà. Ní India, àjọ kan tí ń jẹ́ Pratham ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe irú èyí. Ibi tí ọmọ kàwé dé ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́, kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí kíláàsì wọn.

Èkejì, ìró lẹ́tà ni mo kọ́ ọ, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kọ́ ọ. A ṣe ba, bá, bà, títí ó fi yé e pé àmì orí ni ó ń yí ohùn padà. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ dá kà ni "àkàrà". À, kà, rà. Nígbà tí ó rí i pé ohun tí ìyá òun ń dín ni ó wà lórí bébà yẹn, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta, a ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, èmi àti òun nìkan. N kò pè é kí ó kàwé lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi nawọ́.

Ẹ̀kẹrin, mo ń yìn ín, ṣùgbọ́n n kò purọ́ fún un. Bí ó bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mo máa ń sọ pé, "Lánàá, méjì ni o kà. Lónìí, mẹ́ta ni." Ọmọdé mọ ìyìn tí ó jẹ́ ẹ̀tàn. Òótọ́ kékeré tí a sọ fún un ni yóò gbé e dé ọ̀la.

Ìkarùn-ún, mo bi ìyá rẹ̀ bóyá ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ dá, bóyá ó sì ń jẹun kí ó tó wá. Ọmọ tí kò rí pátákó dáadáa, a lè máa pè é ní olódo lásán. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí ọpọlọ wọn pé, tí wọ́n gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro fún wọn gan-an láti so ìró pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní dyslexia. Irú wọn ń fẹ́ àsìkò tí ó gùn ju ti ẹlòmíràn lọ àti àtúnsọ léraléra. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àmúwá ayé.

Ẹ má ṣe rò pé àkẹ́bàjẹ́ ni mo ń wí. Olùkọ́ tí ó gbé ọmọ tí kò mọ ìwé kà lọ sí kíláàsì tí ó kàn nítorí àánú, ó ti yan ọmọ náà jẹ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ tí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tí ó ń ṣeré níbi tí ó yẹ kí ó ti kàwé, ẹ bá a wí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé kíkọ̀ ni ó kọ̀, pé kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ọmọ yẹn kò di ọ̀gá nínú ìwé kíkà títí mo fi kúrò ní àdúgbò náà. Ìka rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìlà, ẹnu rẹ̀ ṣì ń wúwo. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ tí ó ka odidi gbólóhùn kan láìwo ojú mi. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé mo lè tún un kà?" Mo ní kí ó tún un kà. Inú kò run ún lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní àbúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni a ó rán lọ kọ́ni ní àsìkò ìsìnlú, tàbí tí ẹgbẹ́ yóò ní kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní àsìkò ìsinmi. Bí ẹ bá ti gba iṣẹ́ náà, ẹ rántí òǹdè Badr. Ẹ wá ọmọ kan tí ó jókòó sẹ́yìn, tí ojú àlejò kò tó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti pe ọmọ kan ní olódo rí, bí tèmi, ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó sì fún wa ní sùúrù láti san gbèsè yìí kí ọjọ́ tó lọ. Àmín.